Ta Ló Ń Bu Ọ́ìlì Sí I?

Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà tán lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo wọn yọjú wò ó. Inú rẹ̀ gbẹ bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Irin ti jẹ irin. Àwọn ohun tó yẹ kó máa yí ti lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin. Ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi dúró gbagidi lójijì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó sì sọ ọmọbìnrin tó ń gùn ún sínú kòtò. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán níbi méjì.

"Ó ti yé mi," ni ọ̀gá àgọ́ wí. "Mẹkáníìkì tú bóòtù ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dà nù, ẹ́ńjìnnì kú. Ó di ọ̀la níwájú adájọ́."

Obìnrin onírun funfun kan ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Atọpinpin ni wọ́n sọ ọ́ ní àgọ́, nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìdé ìdí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ ti tutù nílé. Ó fi èékánná họ ìdí bóòtù ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bò ó mọ́lẹ̀, ó le bí àpáta, kò sán níbì kankan.

"Ọ̀gá, ta ló tú bóòtù yìí tí ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò fi sán?"

"Ó lè ti fi ẹrẹ̀ mìíràn bò ó."

"Ẹrẹ̀ kì í gbó báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá wo òkè."

Ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì wà lápá ọ̀tún. Òun ń dán ní tirẹ̀. Etí rẹ̀ ti jẹ kalẹ̀ bí eyín arúgbó, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé lójoojúmọ́.

"Ọ́ìlì kò gba ìsàlẹ̀ jáde," ni Atọpinpin wí. "Òkè ni wọ́n sì ń gbà bu ú wọlé, wọ́n ń bu ú léraléra. Mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà lọ, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó ń bu ú."

Ọ̀gá náà wo ojú ọ̀run bí ẹni tí òjò fẹ́ pa aṣọ rẹ̀. "Ọmọ yẹn máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn nírọ̀lẹ́ òní. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbìyànjú láti pànìyàn ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í ṣe kékeré."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

*

Mẹkáníìkì náà jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó na ẹsẹ̀. Àbúrò bàbá ọmọ tó fara pa ni. Bàbá ọmọ ti kú. Bàbá kékeré ni ọmọ náà ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Kí lo tú lára máṣìn náà?"

"Bíréèkì. Bíréèkì nìkan. Ó ń han gooro."

"O ò wo ọ́ìlì?"

"Wọn ò ní kí n wò ó. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì òun. Ọmọ ló yọ́ gbé e wá nígbà tí ìyá ò sí nílé."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ kí o fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ bi í. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, tí mo bá ní ó dúdú, á ní ó funfun. Nígbà tó fẹ́ ra máṣìn àlòkù yìí, mo ní kó jẹ́ kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Gbígbé ni mo rí i tó gbé e délé."

"Ìwọ náà wá sọ lójú gbogbo ènìyàn pé máṣìn yẹn á kọ́ ìyá ọmọ lọ́gbọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín kékeré. "Màdáámù, ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Mi ò fi sípánà sọ ọ́."

"Ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ńkọ́? Wọ́n ní ìwọ ló kàn tí ìyá àtọmọ ò bá sí níbẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Èjìká mi yìí ni ọmọ yẹn gùn lọ sílé ìwé. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín sílẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yí i sí ògiri.

Atọpinpin kò ka ojú pípọ́n sí ẹ̀rí. Ó ti rí aláìṣẹ̀ tó sunkún, ó sì ti rí òpùrọ́ tó sunkún jù ú lọ. Ohun tó mú jáde nínú àtìmọ́lé náà jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo: ìyá ọmọ kò fẹ́ kí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì òun. Kí ni ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ ń dáàbò bò?

*

Aránṣọ ló ta alùpùpù náà fún ìyá ọmọ. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Atọpinpin wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Máṣìn gidi ni," ló wí. "Ó pẹ́ tí mo ti ń gùn ún, kò já mi kulẹ̀ rí. Ìbàdí tó ń dùn mí ni mo fi tà á."

"Níbo lo máa ń gbé e sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn."

"Mú mi lọ."

Ògiri ẹ̀yìnkùlé náà ti gbó, òjò ti fọ ọ̀dà ara rẹ̀ di eérú. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n orókún ènìyàn, ojú kan wà tó funfun báláú, kò tóbi ju ọpọ́n lọ.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

"Àwọn ọmọdé ló fi èédú ya nǹkan sí i. Mo fi ọ̀dà pa á rẹ́."

"Ọmọ wo ló ní ògiri tó gùn tó báyìí, tó wá yàwòrán sójú kan ṣoṣo?"

"Ọmọ aráàlú, Màdáámù. Ta ló mọ ohun tó wà lórí wọn?"

Atọpinpin fi àtàǹpàkò tẹ ojú funfun náà. Ọ̀dà náà wú, ó sì ṣí kúrò lára ògiri bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀. Ó gbé ìka sí imú.

"Ọ̀dà kì í di ọ́ìlì mú. Ibi tí páìpù èéfín máṣìn rẹ kọjú sí nìyí. Ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ọ́ìlì, ó ń fi èéfín tu ú jáde, ògiri rẹ sì ń gbà á. Ìgbà wo lo kùn ún?"

Àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ aránṣọ. Ó ṣí i, ó pa á dé. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ọmọ ṣubú."

"Nítorí náà, o mọ̀ pé máṣìn náà ní àrùn, o sì tà á."

"Mo tà á, ṣùgbọ́n mi ò fi àrùn rẹ̀ pamọ́. Mo sọ fún ìyá. Mo ní, 'Màmá, máṣìn yìí ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Àràárọ̀ lẹ gbọdọ̀ máa bu ú sí i kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ má gùn ún.' Ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò sí wàhálà. Ó kàn bẹ̀ mí pé kí àbúrò ọkọ òun má gbọ́."

"O ò sọ èyí fún ọlọ́pàá."

"Wọ́n bi ìyá kí wọ́n tó bi mí. Ó ní mo búra fún òun pé máṣìn náà dá pé. Màdáámù, òun ni agbẹ̀bí àdúgbò yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Ta ni màá dúró níwájú rẹ̀ tí màá ní ìyá yẹn ń purọ́? Wọ́n á ní mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe tán, mo tún fẹ́ ba ìyá rẹ̀ lórúkọ jẹ́."

"O wá yan ọ̀dà dípò ọ̀rọ̀."

Aránṣọ wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí."

Ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ bínú tí a bá gbé òtítọ́ rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Atọpinpin gbé e sórí ìwọ̀n bó ti ń rìn lọ ní títì. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà máa wá ẹni tó máa bá a ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni agbẹ̀bí ra alùpùpù náà, òjò sì ti ń parí lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì tó bẹ́ẹ̀ kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Èyí pé odindi ìgbà òjò. Nítorí náà, ẹnì kan ń bu ọ́ìlì sí i. Mẹkáníìkì kọ́ ni, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ọmọ kọ́ ni, òun ló gùn ún títí tó fi gbẹ. Ta ló kù nínú ilé náà?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀gá àgọ́ kì í gba àròjinlẹ̀. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú ló ń fẹ́.

*

Iwájú ilé agbẹ̀bí ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí, ẹ̀yìn ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Aláboyún kan wà nínú yàrá, obìnrin tó ń ran agbẹ̀bí lọ́wọ́ jókòó tì í. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ dúró ti bàsíà omi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Ṣé wọ́n ti ṣe tán lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn?"

Kò pè é ní àbúrò ọkọ òun. Atọpinpin gbọ́ ọ. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò. Èékánná rẹ̀ kúrú, wọ́n funfun, kò sí dúdú kankan nínú ilà ìka rẹ̀. Ọkàn Atọpinpin rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í tètè jáde nínú awọ. Ẹni tó ń bu ú láràárọ̀, báwo ni ìka rẹ̀ ṣe mọ́ báyìí? Àbí aránṣọ ti tún tàn án jẹ ni?

"Nígbà tí ọmọ gbé máṣìn jáde, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lódìkejì odò, lọ́dọ̀ aláboyún kan tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí síwájú. Ọkọ rẹ̀ ló fi mọ́tò wá gbé mi. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ fún mi."

"Ọmọ sì gùn ún fún ọjọ́ méjèèjì."

"Iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà. Kí ni kó fẹsẹ̀ rìn fún?"

"Ta ló ń tọ́jú máṣìn náà?"

"Kí ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀? Mo ń ra bẹntiróòlù sí i, mo ń gùn ún."

"Ọ́ìlì ńkọ́?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró, ó tún ń lọ. "Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo kọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì."

Aláboyún kérora nínú yàrá. Agbẹ̀bí já ìwé kan tó di ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó mú wọn, ó sì wọlé lọ.

Atọpinpin ṣẹ́ kù sí yàrá iwájú. Ó wò ó yíká. Ilé ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni. Àwọn àjókù ọṣẹ ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ di ọṣẹ tuntun. Àwọn ìwé tí ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ká jọ láti fi wé nǹkan. Lórí pẹpẹ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà kún inú agbọ̀n kékeré kan. Wọ́n mọ́, kò sí ẹni tó ti fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ó mú ọ̀kan, ó nà án. Ọwọ́ òsì ni. Ó mú òmíràn. Òsì. Ó da agbọ̀n náà sórí tábìlì, ó tò wọ́n. Òsì ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ rèé, méjì-méjì ni wọ́n ń dì í, ọ̀tún àti òsì nínú ìwé kan náà.

"Kí lẹ ń wá nínú ẹrù mi?"

Agbẹ̀bí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ọwọ́ ọ̀tún ìwọ̀nyí ni mo ń wá, Màmá. Wọ́n dà?"

Kò jáfara rárá. "Ọ̀tún ni mo fi ń yẹ aláboyún wò. Tí mo bá lò ó tán, mo sọ ọ́ sínú kòtò tí a ti ń sun ìdọ̀tí. Òsì ò ṣe nǹkan kan, ni mo fi tọ́jú ẹ̀."

Ìdáhùn tó péye ni. Ó bá iṣẹ́ mu, ó bá ilé mu. Atọpinpin ì bá ti gbà á. Ṣùgbọ́n ó tún wo ọwọ́ obìnrin náà.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ló wí pẹ̀lẹ́.

Agbẹ̀bí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ aláboyún ló ti ń bọ̀. Ọ̀tún wà nínú ìbọ̀wọ́. Òsì náà wà nínú ìbọ̀wọ́.

*

Kòtò ìdọ̀tí náà wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí alùpùpù máa ń dúró sí. Atọpinpin fi igi tú eérú. Rọ́bà kì í jóná tán. Ó yọ ọ̀kan, ó yọ ìkejì, ó yọ ìkẹta. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e dúdú, kì í ṣe dúdú iná. Wọ́n ń yọ̀.

"Agbẹ̀bí kò lè fi ìka tó ní ọ́ìlì gba ọmọ tuntun," ni Atọpinpin wí. "Láràárọ̀, ẹ wọ ọ̀tún, ẹ ṣí ìdérí, ẹ bu ọ́ìlì, ẹ jù ú síbí. Èkejì mọ́, àánú rẹ̀ ṣe yín, ẹ kó o pa mọ́. Ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò ì bá ti ju méjèèjì nù, n kì bá sì tí rí nǹkan kan."

Agbẹ̀bí jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo dé ọsibítù, wọ́n ń to eegun rẹ̀, ó ń ké. Ó ní, 'Màmá, Bàbá kékeré ló tún un ṣe.' Mo ní kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò ṣí. Mo ní tó bá di ọ̀la, n óò sọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti mú un."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ọmọ pé máṣìn náà ń jẹ ọ́ìlì?"

"Á sọ fún un. Ọmọ yẹn kì í gbé ọ̀rọ̀ kọjá bàbá kékeré rẹ̀. Òun náà á wá dúró sójúde, á ní, 'Ìyàwó, ṣé mi ò sọ fún ọ?' Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun ló mọ ohun tí mo lè rà, òun ló mọ ibi tí mo lè lọ. Mo ní èyí tèmi ni. Mi ò ní jẹ́ kó rí mi fín lórí eléyìí."

"Kó má bàa rí yín fín, ẹ jẹ́ kó máa lọ ẹ̀wọ̀n."

Obìnrin náà ká ìbọ̀wọ́ náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ máa fọwọ́ sí ìwé," ni Atọpinpin wí. "Ó máa gbọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Ẹ dìde, Màmá. Ẹ lọ sọ fún obìnrin inú ilé kó dúró ti aláboyún."

*

Ẹsẹ̀ ọmọ náà wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle dì í láti itan dé ìka. Ìwé ẹ̀sùn wà lórí àyà rẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Atọpinpin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá dúró nísàlẹ̀ ibùsùn, kò jókòó, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fi ìbẹ̀rù aránṣọ bo ara rẹ̀, kò fi ikú ọkọ bo ara rẹ̀.

"Ẹ mọ̀?" ni ọmọ béèrè.

"Mo mọ̀."

"Látọjọ́ tí ẹ ti rà á?"

"Látọjọ́ náà."

Ọmọ náà gbé kálámù sílẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn. "Mo sọ fún ọlọ́pàá pé Bàbá kékeré ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbé máṣìn fún mi. Mo ní ẹ̀rín ìkà ni. Ibí yìí lẹ jókòó sí nígbà tí mo sọ ọ́, Màmá. Ọwọ́ mi lẹ dì mú."

"Ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

*

Wọ́n ṣí àtìmọ́lé. Mẹkáníìkì jáde sí yàrá iwájú àgọ́, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ mi, ẹ dákun."

Ó wò ó. Gbogbo ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn kalẹ̀ láti gbọ́ ohun tó máa sọ.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n jáde."

"Ṣé ó ti jẹun?"

Obìnrin náà mi orí. Kò mọ̀.

Mẹkáníìkì ju bàtà sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wẹ̀yìn. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ ṣì wà nílẹ̀. Dìde lórí símẹ́ǹtì, ó tutù." Ó jáde, ó sì kọrí sí ọ̀nà ọsibítù.

"Ó ti parí nìyẹn," ni ọ̀gá àgọ́ wí, ó ń wá fìlà rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ," ni Atọpinpin wí. "Ọlọ́pàá ni wọ́n pa irọ́ yìí fún."

Ó fa àga kan síwájú tábìlì, ó sì na ọwọ́ sí i. Agbẹ̀bí dìde, ó jókòó. Atọpinpin gbé ìwé tí kò ní nǹkan kan lára síwájú rẹ̀, ó fi kálámù lé e lórí.

"Ṣé láti ọjọ́ tí ọmọ ṣubú ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè.

"Rárá, Màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀."